Mọ́mì, sisí, ìyàwó, Àlhájà: èwo ni kí n dáhùn ní Òṣogbo yìí?

Sóláà_Ọ̀nà_Gbọ̀ngán

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Sóláà àti ínfátà ni mò ń tà lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán. Èmi ni mo ni ṣọ́ọ̀bù, èmi náà ni mò ń gun òrùlé lọ so páńẹ́ẹ̀lì fún oníbàárà. Ọmọ kan ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, irùngbọ̀n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù lágbọ̀n rẹ̀ ni. Bí èèyàn bá wọlé, ọmọ yẹn ni wọ́n á kọ́kọ́ kí: “Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o.” Wọ́n á wá yíjú sí mi: “Mọ́mì, ẹ kú ìjókòó.” Bí mo bá ní èmi lọ̀gá, wọ́n á rẹ́rìn-ín. “Ọkọ yín ńkọ́? Ṣé wọ́n rìnrìn àjò ni?”

Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, mi ò tíì lọ́kọ, mi ò tíì bímọ. Mi ò bá ẹni tó pè mí ní mọ́mì jà o. Ohun tó ń bí mi nínú ni ohun tó ń tẹ̀lé e. Bàbá kan wá ra bátìrì láìpẹ́ yìí, ó fẹ́ kí bátìrì kan ṣoṣo gbé fíríìjì ńlá àti ẹ̀rọ tó ń fa omi pọ̀. Mo ní kò lè gbé e, mo mú bírò, mo ṣírò iná tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ fún un. Bàbá gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó kọjú sí ọmọ iṣẹ́ mi: “Ọ̀gá, ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí?”

Lójú pópó ńkọ́? Kí n tó ti Òkè-Fìà dé Old Garage, mo ti jẹ́ sisí, mo ti jẹ́ ìyàwó, mo ti di Àlhájà torí pé mo ta ìbòrí lé irun tí mi ò tíì dì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nílùú yìí, èwo ni kí n dáhùn, èwo ni kí n jẹ́ kó kọjá? Kí ni mo lè sọ tí kò ní lé oníbàárà lọ? Ọjà ni mo fẹ́ tà o.

Ọmọ_Òròkí

Àbúrò, ẹ kú iṣẹ́. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọjá lọ kò rí ilé ẹnikẹ́ni. Aṣọ ló ń wò, ara ló ń wò. Obìnrin tó bá sanra díẹ̀, tó wọ bùbá, tó jókòó sẹ́nu ṣọ́ọ̀bù, ìyá ni. Èyí tó bá tẹ́ẹ́rẹ́ tó wọ jíǹsì, sisí ni, ì báà ti ní ọmọ-ọmọ. Ohun tí wọ́n ń sá fún ni kí wọ́n má lọ fojú kékeré wo ẹni tó jù wọ́n lọ. Bí wọ́n bá pe ọmọdé ní màmá, ẹ̀rín ni. Bí wọ́n bá pe màmá ní ọmọdé, ẹ mọ̀ pé ìjà ti dé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè yín sókè. Ẹ má gbé e sọ́kàn.

Kò_Kàn_Mí

Ta ló wá sọ fún ẹ̀yin náà pé àbúrò yín ni?

Ọmọ_Òròkí

Ó ní òun lé lọ́gbọ̀n. Èmi ti lé ní ọgọ́ta. Ẹ fi mí sílẹ̀.

Ìyá_Onísíméǹtì

Sóláà, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Mo mọ ohun tẹ́ ẹ ń sọ. Síméǹtì àti rọ́ọ̀dù ni mò ń tà, èmi àti ọkọ mi la jọ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Nígbà tí Ọlọ́run pè é, àwọn kọ́sítọ́mà tó ti ń rà lọ́wọ́ mi láti ọjọ́ pípẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé, “Ta ló wá ń mójú tó ọjà báyìí?” Èmi tí mò ń kọ ìwé ìṣirò láti ọjọ́ kìn-ín-ní! Èmi tí mo mọ iye rọ́ọ̀dù tó ń lọ sínú dẹ́kìn ju àwọn bíríkìlà wọn lọ!

Ohun tí mo rí rèé. Ẹ má fi “èmi lọ̀gá” dá wọn lóhùn mọ́. Bẹ́ ẹ bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ẹ ti gbé ọ̀rọ̀ sọ́nà ìjiyàn, ọkùnrin tó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ ìjiyàn kò ní fẹ́ kí obìnrin borí òun níwájú èèyàn. Bó bá ní “ẹ bá mi pe ọ̀gá,” ẹ bi í ní ìbéèrè iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. “Ilé yín jẹ́ yàrá mélòó? Ṣé ẹ̀ ń lo fíríìsà? Wákàtí mélòó lẹ fẹ́ kó gbé e lóru?” Kó tó dáhùn ìkẹta, á ti máa sọ pé “bẹ́ẹ̀ ni mà.” Kò sẹ́ni tó ń rántí bi ọ̀gá léèrè nígbà tó bá ti ń ka gílóòbù ilé rẹ̀ fún yín.

Ẹ kọ́ ọmọ iṣẹ́ náà lẹ́kọ̀ọ́. Ìṣòro kékeré kọ́ ni ọmọ tó dákẹ́ nígbà tí wọ́n pè é ní ọ̀gá. Wọn ò fẹ́ ká sọ ọ́, àmọ́ ó máa ń dùn mọ́ wọn. Tèmi mọ̀ pé bí wọ́n bá ti pe òun bẹ́ẹ̀, kó dìde, kó ní “ọ̀gá mi rèé,” kó sì gbé ìwé rìsíìtì wá síwájú mi. Kò gbọdọ̀ dá owó lé ọjà kankan níwájú oníbàárà, kódà bó bá mọ iye rẹ̀.

Ní ti “ọkọ yín ńkọ́,” ẹ jẹ́ ká máa ya ọ̀tọ̀ sọ́tọ̀. Ẹlòmíràn ń kí yín ni, bó ṣe ń béèrè àwọn ọmọ àti ẹ̀gbọ́n àti ajá ilé. “Gbogbo ilé wà dáadáa, a dúpẹ́,” ó parí. Irọ́ kọ́ ni, ẹ̀yin náà ní ilé. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé wọ́n ń wò bóyá ọkùnrin kan wà lẹ́yìn yín tó lè wá gba owó bí wọn ò bá san. Ẹ ṣọ́ àwọn yẹn. Nínú ọjà tèmi, ọkùnrin tó bá pè mí ní “mọ́mì wa dáadáa” kó tó jókòó, àwìn ló fẹ́ gbà.

Sóláà_Ọ̀nà_Gbọ̀ngán

Ẹ̀rín pa mí, ọ̀rọ̀ àwìn yẹn bá mi níbi tó ń dùn mí. Ẹ ṣé o, mà. Èyí tẹ́ ẹ sọ nípa ọmọ iṣẹ́, mo ti bá a sọ ọ́ láàárọ̀ yìí. Ó dijú, ó ní “ẹ̀yin náà kì í sọ nǹkan kan, Àǹtí.”

Kọ̀rọ̀pẹ̀_Ayétòrò

Ẹ̀yin obìnrin, ẹ ò mọ ohun tójú awakọ̀ ń rí. Mo pe ẹnìkan ní àǹtí, ó ní “ṣé ojú ọmọdé lo fi ń wò mí?” Mo pe èkejì ní ìyá, ó ní “ìyá ta ni? Ìgbà wo ni mo bí ọ?” Ẹni tí mo pe ní Àlhájà ní ọmọ ìjọ lòun, kí n má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Kí wá ni ká pè yín?

Mo ti fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ibi tí wọ́n ń lọ ni mò ń pè. “Òkè-Fìà, owó yín dà? Ayétòrò tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò, ẹ bá mi na ṣéńjì sẹ́yìn. Ẹni tó gbé bókẹ́ẹ̀tì, ẹ sún díẹ̀.” Kò sẹ́ni tó bá mi jà lórí ìyẹn rí. Ẹ tún máa rántí pé bí mọ́tò bá ti kún, ẹnu wa ni bẹ́líìtì tó dè é pọ̀.

Ọ̀rọ̀ “ìyàwó” tẹ́ ẹ ń sọ, àwàdà ni. Ẹ má fi sínú.

Tíṣà_Òkè_Báálẹ̀

Kọ̀rọ̀pẹ̀, ẹ ṣé fún ti “Òkè-Fìà, owó yín dà,” ó dára gan-an. Ṣùgbọ́n mi ò gbà yín láàyè lórí “ìyàwó.”

Ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo ti ń kọ́ni. Àwọn ọmọbìnrin kíláàsì mi, ọmọ ọdún méjìlá, mẹ́tàlá, wọ́n wọ yúnífọ́ọ̀mù, ọkùnrin tó ju bàbá wọn lọ ń pè wọ́n ní “ìyàwó mi” láti orí ọ̀kadà. Bí ọmọ bá rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ó ti ń fẹ́. Bó bá dákẹ́, wọ́n á ní kò níwà. Àwọn kan nínú wọn ti yí ọ̀nà padà, ẹ̀yìn ọgbà ni wọ́n ń gbà kọjá kí wọ́n má bàa dé ibi tí àwọn ọlọ́kadà ń dúró sí. Ọ̀nà yẹn jìn, ó sì dá. Ọmọ tó ń sá fún àwàdà ti wọnú igbó.

Bàbá àgbà inú agboolé tó ń pe ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní ìyàwó, gbogbo wa mọ ìyẹn, ẹbí ni wọ́n, ìyá ọmọ náà wà níbẹ̀, ó ń gbọ́. Àjèjì lójú títì kò ní irú àwàdà yẹn pẹ̀lú ọmọ ọlọ́mọ. “Ọmọ mi, kú àbọ̀” ti tó o.

Àwọn àgbà obìnrin náà mọ bó ṣe máa ń rí. Àwọn ọkùnrin ojú títì á kọ́kọ́ kì ọ́ ní arẹwà, ọmọge, elẹ́yinjú ẹgẹ́. Bí o ò bá dáhùn, ẹnu kan náà yẹn, kó o tó kọjá gọ́tà, ó ti di “òṣì, ló bá ń gbéra ga, tó ti dàgbà tán tí kò rọ́kọ fẹ́.” Ṣé ẹni tó fẹ́ràn èèyàn ló ń yára tó báyẹn?

Kọ̀rọ̀pẹ̀_Ayétòrò

Ti ọmọ iléèwé yẹn, ẹ gba ẹnu mi. Mi ò ní ìdáhùn.

Yẹtúndé_Alátà

Ẹ má gbàgbé ọwọ́ o. Kò tán sórí ẹnu. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta aṣọ òkìrìkà àti bàtà, wọ́n á pè ọ́ ní “fáìn àǹtí,” ọwọ́ wọn á ti dé apá rẹ kó o tó wẹ̀yìn. Wọ́n ń wọ́ èèyàn lọ sínú ṣọ́ọ̀bù ni. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, àwọn obìnrin ṣe ìwọ́de lórí ẹ̀ ní ọjà Yábàá l’Ékòó. Ohun tí èmi máa ń ṣe ní Olú-Òde nibí ni pé mo máa ń dúró gbọn-in. Mi ò ní fa apá mi, torí bí o bá fà á, wọ́n á sọ ọ́ di eré. Màá dúró, màá wo ọwọ́ náà, màá sọ ọ́ sókè kí àwọn ìyá tó wà nítòsí gbọ́: “Ẹ gbọ́wọ́ kúrò lára mi.” Àwọn ìyá alátà, àwọn ìyá eléèlùbọ́ ló máa bá ọ lé e. Wọn ò ní jẹ́ kí ọjà wọn bàjẹ́ nítorí ọmọ kékeré kan tó ń ta bàtà.

Ti owó ọjà ńkọ́? “Àlhájà” àti “mádáàmù” lówó lórí. Èmi bá ti gbọ́ “Àlhájà mi” lẹ́nu ẹni tó ń ta léèsì, mo mọ̀ pé iye tó fẹ́ pè á ti lọ sókè. Mo máa ń ní “Àlhájà kò wá lónìí, ọmọ ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n rán wá.”

Nọ́ọ̀sì_Afẹ̀yìntì

Mo ṣe nọ́ọ̀sì títí mo fi fẹ̀yìntì, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí nínú ilé ìwòsàn. Bí obìnrin bá kún orí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀, “mọ́mì” ló yá lẹ́nu. Àwọn tó kọ́ wa níṣẹ́ náà ló kọ́ wa pé ó ń tu aláìsàn lára, ó sì ń tu àwọn kan lára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n orí bẹ́ǹṣì yẹn, ẹni tó lóyún wà níbẹ̀, ẹni tí oyún bàjẹ́ lára rẹ̀ wà níbẹ̀, ẹni tó ti ń wá ọmọ láti ọjọ́ pípẹ́ wà níbẹ̀, àti ẹni tó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Káàdì wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, orúkọ sì wà lórí káàdì. Kó ka orúkọ. Níbi abẹ́rẹ́ ọmọ, “ta ló gbé ọmọ yìí wá?” ló bójú mu. Màmá àgbà lè ti gbé e wá, bàbá ọmọ náà lè ti gbé e wá. Mo rí bàbá tó gbé ọmọ wá tí wọ́n ní kó lọ pe ìyá ọmọ, ó dúró títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá lọ, bí ẹ ò bá fẹ́ mọ́mì, ẹ sọ fún ẹni tó ń kọ káàdì, ní jẹ́ẹ́jẹ́: “Ẹ jọ̀ọ́, orúkọ mi ni kẹ́ ẹ máa pè.” Kò sí nọ́ọ̀sì tó ní làákàyè tí kò ní gbà.

Orúkọ_Kò_Ṣe_Pàtàkì

Ọdún tí oyún mi wálẹ̀, mo padà lọ fún àyẹ̀wò ní ilé ìwòsàn kan tí mi ò ní dárúkọ. Káàdì aláboyún yẹn náà ló ṣì wà lọ́wọ́ mi, wọn ò tíì fún mi ní òmíràn. Obìnrin tó wà nídìí tábìlì wò ó, ó wo ikùn mi, inú rẹ̀ dùn gan-an: “Ìyá ìkókó, ẹ kú ewu o! Ọmọ dà?” Gbogbo àwọn tó jókòó yíjú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí mi. Ọ̀kan ti ń sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n lè ríbi jókòó, ó tẹ́ aṣọ ìró rẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ.

Mo ní ọmọ wà nílé.

Mi ò fẹ́ kí ojú ti obìnrin náà ni. Mo jókòó ti ẹni tó sún fún mi, ó ń bi mí bóyá ọmọ ń sùn lóru, mo sì ń dáhùn.

Nọ́ọ̀sì_Afẹ̀yìntì

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. Ọlọ́run á fi ayọ̀ kún un. Irú ọ̀rọ̀ yìí ló yẹ kí wọ́n máa kà fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì.

Ará_Jámánì

Ọmọ Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun ni mí, Jámánì ni mò ń gbé. Níbí, wọ́n máa ń pe obìnrin tí kò tíì lọ́kọ ní Fräulein tẹ́lẹ̀, wọ́n fagi lé e lórí ìwé ìjọba ní ọdún 1972. Frau ni gbogbo obìnrin tó ti dàgbà. Àwọn Faransé náà yọ mademoiselle kúrò nínú fọ́ọ̀mù ìjọba ní 2012. Ọkùnrin ò kúkú ní irú ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń bi ọkùnrin bóyá ó ti gbéyàwó kó tó mọ ohun tí yóò pè é. Àwa ńkọ́, kí ló dé tí a ò lè ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀?

Kò_Kàn_Mí

Ta ni yóò fi òfin mú àwọn tó wà ní Old Garage? Ẹ máa gbádùn Jámánì yín.

Àbẹ̀kẹ́_Aláró

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jẹ́ kí àgbà náà dá sí i. Ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́.

Èmi fẹ́ràn “ìyá” ní tèmi. Mo ti pa aró títí ọwọ́ mi fi dúdú, ẹni tó bá pè mí ní àǹtí ń gbé iṣẹ́ ọdún mi sọnù ni. Kí ẹ má wá sọ fún gbogbo ìlú pé kí wọ́n má pe ìyá mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ẹ̀yin ọmọ ìsinyìí ti gbàgbé bí àjèjì ṣe ń kí èèyàn. Inú agboolé lorúkọ pọ̀ sí. Nígbà tí wọ́n gbé mi wọlé ọkọ, mi ò jẹ́ pe ẹnikẹ́ni lórúkọ, ọmọ tó ń rákò pàápàá. Èmi ni mo fún wọn lórúkọ: èyí ni Akọ̀wé, èyí ni Adúmáadán, èyí ni Ìbàdíàrán. Àwọn mìíràn ti di bàbá àgbà, orúkọ tí mo fún wọn ni wọ́n ṣì ń jẹ́. Ọmọbìnrin kékeré tí wọ́n bí síbẹ̀ lánàá, “ọkọ mi” ni mò ń pè é. Bẹ́ẹ̀ ni ti ilé. Ẹni tó ń kọjá lọ kò sí nínú ìyẹn, kò mọ ẹni tó fẹ́ni, kò mọ ẹni tó bíni. Iṣẹ́ tó bá èèyàn lọ́wọ́ ló fi ń kí i. Ẹni tó ń tajà, ẹ kú ọjà. Ẹni tó dúró, ẹ kú ìdúró. Ẹni tó ń ti ìrìn bọ̀, ẹ kú ìrìn. Ẹni tó ń dirun, ojú gbooro o. Àwa aláró, àrẹdú o. Èwo nínú wọn ló béèrè ọkọ? Èwo ló béèrè ọjọ́ orí?

Ẹ tiẹ̀ wo Àdùnní. Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria, wọ́n bí i ní 1915, ó dé Nàìjíríà ní 1950. Ère tí òun àti àwọn ọmọ Òṣogbo jọ mọ wà nínú Igbó Ọ̀ṣun títí dòní, igbó tí UNESCO wá kọ mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní 2005. Ìgbà tí wọ́n rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, tí wọ́n mọ ibi tó fi ọkàn sí, wọ́n fún un ní oríkì. Àdùnní Olórìṣà ló jẹ́ títí ó fi kú ní 2009. Òyìnbó ni o, wọn ò pè é ní òyìnbó.

Kò_Kàn_Mí

Màmá, ẹ kú ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù sóláà ńkọ́, báwo ni kó ṣe kí oníṣọ́ọ̀bù? Àwọn bàbá ńlá wa kò ní ínfátà.

Àbẹ̀kẹ́_Aláró

Ẹ kú iṣẹ́. Ṣé ìyẹn náà le ni?

Tíṣà_Òkè_Báálẹ̀

Màmá ti sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ló kù tó wà lọ́kàn mi. Wọ́n mú àbúrò mi ọkùnrin níjọ́ kan, mo lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá láti gba béèlì rẹ̀. Wọ́n kí mi dáadáa, wọ́n fún mi ní àga, “mọ́mì, ẹ jókòó, mọ́mì, ẹ mumi.” Ìgbà tí mo ní èmi ni màá dúró fún un, wọ́n ní “Mọ́mì, ẹ lọ mú ọkùnrin wá.” Mo ń ṣiṣẹ́ ìjọba, mo ní ìwé, mo ní ilé. Ẹ̀gbọ́n mi tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ni mo lọ pè, òun ni wọ́n gbà. Ṣé òfin wà fún ìyẹn?

Akọ̀wé_Kóòtù

Òfin wà, ohun tó wà níbẹ̀ sì yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n sọ fún yín. Administration of Criminal Justice Act ti ọdún 2015, abala 167(3): wọn ò gbọdọ̀ kọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti ṣe onídùúró kìkì nítorí pé obìnrin ni. Ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ àti ti Àbújá ni òfin yẹn kàn ní tààrà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe tirẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí lọ́yà wo ti Ọ̀ṣun fún yín. Bẹ́ ẹ bá dé iwájú tábìlì lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ má jà. Ẹ béèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, òfin wo ló ní obìnrin ò lè dúró?” Ẹ béèrè fún DPO, ọ̀gá àgọ́ náà, ẹ kọ orúkọ ẹni tó dá yín lóhùn sílẹ̀ lójú rẹ̀. Bírò àti ìwé máa ń yí ohùn padà lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá. Ẹ tún rántí pé béèlì ò ní owó, àwọn fúnra wọn ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ gba pásípọ́ọ̀tù, irú ẹ̀ wà níbẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Wọ́n máa ń ní kí obìnrin tó lọ́kọ mú lẹ́tà wá látọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀. Obìnrin kan gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Port Harcourt, ó sì jàre ní ọdún 2009. Kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n bí ẹnikẹ́ni bá tún bi yín pé ọkọ yín dà.

Ní tèmi o, àwọn tó ń fi “mọ́mì” dí èèyàn lọ́nà burú ju àwọn tó ń pariwo “sisí” lójú títì lọ. O lè kọjá lára ti ojú títì. Ti tábìlì, ibẹ̀ ni ohun tí o wá gbà wà.

Ọmọ_Òròkí

Ọ̀rọ̀ ńlá. Mo gbà pé mọ́mì ọlọ́pàá àti mọ́mì ọlọ́jà kì í ṣe ìkan náà.

Sóláà_Ọ̀nà_Gbọ̀ngán

Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. Mo ti ń lo ìbéèrè iṣẹ́ tí Ìyá Onísíméǹtì sọ. Ẹnìkan wọlé lánàá, ó ní ọ̀gá dà, mo ní “fíríìsà yín, ti tẹ́lẹ̀ ni àbí ínfátà wà lára ẹ̀?” Ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Kò rà o, ó ní òun á padà wá. Ṣùgbọ́n èmi ló bá sọ̀rọ̀ títí tó fi jáde.

Mo ní ìbéèrè kan sí i. Mò ń wá ilé sí apá Ògo-Olúwa. Ajẹ́ǹtì tó ń bá mi wá a ń pè mí ní “mádáàmù wa,” ṣùgbọ́n gbogbo ilé tó bá mú mi dé, lánlọ́ọ̀dù á ní àwọn kì í gba obìnrin tó ń dá gbé. Ajẹ́ǹtì wá ní kí n yá ẹnìkan tí yóò ṣe bí ọkọ mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá a pàdé, kí lẹ ṣe?

Yẹtúndé_Alátà

Ẹ má yá ọkọ o! Ọ̀rẹ́ mi yá ọkọ, ọkùnrin náà wá ń bi í léèrè ìdí tó fi ń pẹ́ kó tó wọlé lálẹ́.

Ìyá_Onísíméǹtì

Ẹ wá ilé tó jẹ́ pé obìnrin ló ni ín, tàbí èyí tí ìyá onílé ń gbé inú ọgbà. Wọ́n pọ̀ nílùú yìí ju bí àwọn ajẹ́ǹtì ṣe ń sọ lọ, ẹ bi àwọn ìyá tó wà nínú ọjà, wọ́n mọ ilé tó ṣófo kí ajẹ́ǹtì tó mọ̀. Ẹ lọ kí ìyá náà fúnra yín, lọ́sàn-án, ẹ sọ iṣẹ́ tẹ́ ẹ̀ ń ṣe, kó mọ ṣọ́ọ̀bù yín. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù jù ni kí owó ilé má wọlé. Ẹni tó bá rí ṣọ́ọ̀bù tó kún fún ọjà kì í fi bẹ́ẹ̀ béèrè ọkọ mọ́. Ó sì lè jẹ́ pé òun náà fẹ́ gbé sóláà.

Bẹ́ ẹ bá rí i, orúkọ yín ni kí wọ́n kọ sórí rìsíìtì àti àgíríméǹtì, bó ṣe wà lórí ìwé ìdánimọ̀ yín. Ajẹ́ǹtì lè kọ “Mr and Mrs” láti fi dùn mọ́ onílé. Ẹ dá a padà kó tún un kọ kẹ́ ẹ tó sanwó. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó jáde tẹ́ ẹ̀ ń béèrè owó tẹ́ ẹ fi dúró, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ ni wọ́n máa dá lóhùn, àwọn kan á sì ní Mr ni kó wá gbà á.